Àmín Àmúdà

"Bàbá Bàrákàt, ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀yin lẹ ṣe àmín sí i?"

Àmúdà kò gbé ojú sókè. Ó ti tú ẹ̀yìn rédíò kan sílẹ̀ sórí tábìlì, ó ń fi irin gbígbóná jó òjé mọ́ ìdí wáyà kan tó já, èéfín rẹ̀ sì ń ta á lójú. Rísíkátù ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú agbọ̀n iṣu lórí. Ẹni tó bá ru iṣu láti Ìfọ́n dé Ìlobù nínú oòrùn ọ̀sán, tí kò sì rántí sọ ẹrù kó tó bèèrè ọ̀rọ̀, inú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò dùn.

"Sọ ẹrù kalẹ̀ ná," Àmúdà wí.

"Ẹ dá mi lóhùn ná."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ta ni kò sọ ọ́? Láti ìdí ọkọ̀ títí dé ojúlé wa ní Ìfọ́n, òun ni wọ́n fi ń kí mi. Yàkúbù pàápàá, àbúrò tí mo pọ̀n sẹ́yìn, ohun tó sọ ni pé, 'Ìyàwó Alámìín, ẹ kú àbọ̀.' Ó wọlé lọ, kò bá mi sọ ẹrù."

Àmúdà gbé irin náà kalẹ̀. Ó dìde, ó sọ agbọ̀n náà fún ìyàwó rẹ̀, ó tún padà jókòó. Ó tún gbé irin náà.

Bí ènìyàn kò bá mọ ojú Àmúdà ní Ìlobù lọ́dún 1998, yóò ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Òun ni alága àwọn alátìlẹyìn Adéjọbí Béébìsì, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí Àlàájì Adéjọbí tó ni ilé ìlagi l'Óṣogbo dá sílẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tí bọ́ọ̀lù bá wà, Àáfà Bùràímọ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣàdúrà láàrin pápá, Àmúdà ni yóò sì gbé àmín. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, àyà rẹ̀ kò fẹ̀ ju ti ọmọ ilé-ìwé lọ, ṣùgbọ́n ohùn tó ń jáde níbẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tó ń tọ́jú rẹ̀ sí. Tó bá ti ké "Àmín," gbogbo pápá á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ènìyàn wá gbà pé àmín tí kì í bá ṣe Àmúdà ló gbé e, àjà ló ń gbá tó ń padà. Lọ́jọ́ tí òtútù mú un lọ́fun, tí Béébìsì sì jẹ góòlù mẹ́ta, kò sí ẹni tó bú aṣọ́lé. Ilé Àmúdà ni wọ́n gbé omi atalẹ̀ lọ.

Ẹgbẹ́ méjìlá ló wà nínú líìgì tí Béébìsì ń gbá, láti Ìlobù dé Ìfọ́n, dé Ẹ̀rìn, títí kan àwọn abúlé tó jẹ́ pé lábẹ́ igi ni àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn ti ń pààrọ̀ aṣọ. Àwọn mẹ́rin nínú wọn ló ní olówó lẹ́yìn, Béébìsì sì jẹ́ ọ̀kan. Àwọn mẹ́rin yìí ló fẹ́ ya ara wọn sọ́tọ̀ báyìí, wọ́n fẹ́ lọ máa gbá líìgì tiwọn nínú pápá ńlá tó ní ògiri l'Óṣogbo. Ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ kò ní jáde, bó ti wù kó máa fìdí rẹmi tó. Ẹni tó bá wà níta kò ní wọlé, bí ó tilẹ̀ ń na gbogbo ayé.

Ohun tó ń dun Àmúdà jù ni pé ó ti sọ̀rọ̀ sí irú ọ̀ràn yìí tẹ́lẹ̀, kò sì sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Lẹ́yìn ife-ẹ̀yẹ àgbáyé tí wọ́n gbá ní Faransé, tí omijé ọjọ́ tí Dẹ́ńmáàkì nà wá kò tíì gbẹ lójú ẹnikẹ́ni, rédíò sọ pé àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá ilẹ̀ Yúróòpù ń gbèrò láti yọ ara wọn sọ́tọ̀. Ṣọ́ọ̀bù Àmúdà kún lọ́jọ́ náà bí ó ti máa ń kún. Ó gun àga. Ó ní, "Ṣé torí pé ènìyàn sanra ni yóò ṣe kó oúnjẹ rẹ̀ wọ yàrá, tí yóò ti ìlẹ̀kùn? Ta ni wọ́n máa na níbẹ̀? Ta ló máa nà wọ́n? Bọ́ọ̀lù tí tálákà kò lè na olówó nínú rẹ̀, kí wọ́n máa pè é ní nǹkan mìíràn." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó tún fi kún un pé òyìnbó nìkan ló lè hu irú ìwà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni ẹnu rẹ̀ wá kó o sí wàhálà. Àlàájì pe àwọn ènìyàn rẹ̀ sílé lẹ́yìn ìrun. Àmúdà pẹ́ kó tó dé, ó lọ dá rédíò kan tó tún ṣe padà fún ẹnì kan. Ẹnu ọ̀nà ló rí jókòó sí, wọ́n gbé màsà sàárà lé e lọ́wọ́, àdúrà sì ti bẹ̀rẹ̀.

"Ìpinnu tí Àlàájì ṣe, Ọlọ́run yóò fi àṣẹ sí i," Àáfà Bùràímọ̀ wí.

"Àmín," Àmúdà ké, gbogbo pálọ̀ sì gbà á.

"Àwọn tó ń fà wá sẹ́yìn, Ọlọ́run yóò yà wá kúrò láàrin wọn."

"Àmín." Ó rò pé àwọn ọ̀tá ni. Àdúrà wo ni kì í ní ọ̀tá nínú?

"Ibi tuntun tí a fẹ́ wọ̀, Ọlọ́run yóò jẹ́ kó tù wá lára."

"Àmín." Ó rò pé Àlàájì ń kọ́lé.

Ìgbà tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú tán ni Àlàájì tó dìde, tó wá ṣàlàyé ohun tí wọ́n ti ń ṣàdúrà sí. Màsà kejì wà lẹ́nu Àmúdà, kò lè gbé e mì, kò lè tu ú. Àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ wo ojú rẹ̀, wọ́n dákẹ́. Bí Alámìín fúnra rẹ̀ bá ti gbà, kí ló kù tí ẹlòmíràn fẹ́ sọ?

"N kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣàdúrà sí," ó wá sọ fún ìyàwó rẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Rísíkátù wò ó títí. "Ẹnu àìmẹ́nu," ó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò parí òwe náà, nítorí ọkọ rẹ̀ ni. Ó jókòó sórí àga tí ọkọ rẹ̀ gùn nígbà tó ń bú òyìnbó. "Bàbá mi kò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ní kí n kí yín. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ lọ bá Àlàájì kó tó di Sátidé. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ kò mọ̀."

Ó lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àlàájì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń run orín. Àmúdà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Àmúdà, ọmọ mi, dìde. Ṣé àlàáfíà lo jí?"

"Àlàáfíà ni, sà. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ni, sà. N kò mọ ohun tí à ń ṣàdúrà sí nígbà tí mo ṣe àmín."

Àlàájì rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn; ọ̀rọ̀ náà pa á lẹ́rìn-ín lóòótọ́. "Ọlọ́run tí a bẹ̀ ṣáà mọ̀ ọ́n."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí ẹ yọ mí kúrò nínú rẹ̀."

"Wọ́n lè yọ ènìyàn kúrò nínú ìwé. Báwo la ṣe fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú àdúrà? Ẹyin lohùn, Àmúdà. Wò ó, jókòó. Ọ̀gá kan ń bọ̀ láti ọ́fíìsì eré ìdárayá lọ́jọ́ Sátidé. Gbogbo ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá àwọn alátìlẹyìn fẹ́ ẹ tàbí wọn kò fẹ́ ẹ. N kò ní kí o sọ̀rọ̀ kankan. Àáfà yóò ṣàdúrà sí líìgì tuntun, ìwọ yóò gbé àmín bí o ti ń gbé e. Tí ọ̀gá yẹn bá ti gbọ́ bí pápá ṣe dún, yóò lọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n fẹ́ ẹ. Ó parí."

"Ẹgbẹ́ Orólù Sításì ńkọ́, sà? Àwọn ará Ìfọ́n?"

"Kí ni kí n ṣe fún Ìfọ́n?" Àlàájì tu omi orín dànù. "Tìtorí Ìfọ́n, kí àwọn ọmọ wa máa gbá bọ́ọ̀lù nínú ekuru títí ayé? Ọmọ mẹ́ta wà nínú Béébìsì tó lè gbá bọ́ọ̀lù dé ibi gíga, tí ẹni tó lójú bá rí wọn. Ta ni yóò rí wọn nínú pápá tí ewúrẹ́ ń jẹ̀? Ṣé irọ́ ni mo pa?"

Àmúdà kò lè sọ pé irọ́ ni. Òun náà mọ àwọn ọmọ mẹ́ta náà. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le nìyẹn. Ìbá rọrùn fún un bí Àlàájì bá jẹ́ ènìyàn burúkú.

Àlàájì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé o rántí ọdún tí a lọ tọrọ Rísíkátù?"

"Mo rántí, sà."

Ta ni yóò gbàgbé? Ọdún tí ìjà ilẹ̀ gbóná láàrin Ìlobù àti Ìfọ́n ni, tí kò sí bàbá kan ní Ìfọ́n tó fẹ́ fi ọmọ fún ará Ìlobù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ẹbí Àmúdà lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá wọn padà lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́ẹ̀kẹta, Àlàájì ló ṣíwájú wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Jàlálù, bàbá Rísíkátù, lórí ilẹ̀pa, ó sì wà níbẹ̀ títí tí wọ́n fi ní kó dìde.

"Aṣọ funfun ni mo wọ̀ lọ́jọ́ yẹn," Àlàájì wí. "N kò wo ti aṣọ."

"Ẹ ṣeun, sà. Ọlọ́run yóò san án fún yín, sà."

"Àmín," Àlàájì dáhùn, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rí i? Èmi náà mọ̀ ọ́n ṣe."

Nígbà tí Àmúdà ń padà lọ, ó dà bí ẹni pé ojú ọ̀nà ti fún. Bó bá gbé àmín lọ́jọ́ Sátidé, kò ní lè wọ ilé àna rẹ̀ mọ́. Bí kò bá gbé e, ẹni tó fi àyà lélẹ̀ kó lè ní àna yẹn ni yóò dójú tì. Iwájú kò ṣe é lọ, ẹ̀yìn kò ṣe é padà sí. Ó ronú pé kí òun sọ pé òtútù mú òun lọ́fun, ó sì rántí pé omi atalẹ̀ ni wọn yóò gbé wá.

Lọ́jọ́ Alámìísì, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìfọ́n. Yàkúbù ló kọ́kọ́ rí, ó ń lu ìṣó mọ́ bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ lójúde. Òun ni aṣọ́lé Orólù Sításì. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Bàbá wà nínú ilé."

"Yàkúbù, ìwọ náà ń bínú sí mi?"

"Ọdún yìí ni a dé ipò kejì, ẹ̀gbọ́n. Ọdún tó ń bọ̀ ni a ní a ó gba ife. Ta ni a fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn báyìí? Ewúrẹ́?" Ó tún gbé òkúta tó fi ń lu ìṣó.

Bàbá Jàlálù jókòó sí ẹ̀yìnkùlé lórí àpótí kékeré kan. Àpótí yẹn náà ni ó máa ń gbé lọ sí pápá lọ́jọ́ Sátidé, yóò gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilé góòlù lábẹ́ igi odán, níbi tí àwọn ará Ìfọ́n máa ń wà. Gáná ló ti dàgbà. Nígbà tí ìjọba Gáná ní kí wọ́n máa lọ lọ́dún 1969, tí oníkálukú ń wá ohun tó níye lórí dì mẹ́rù, ó yọ atẹ́gùn bọ́ọ̀lù kan, ó ká a sábẹ́ aṣọ, ó gbé e wá láti Kùmásì. Bọ́ọ̀lù yẹn ni Orólù Sításì fi bẹ̀rẹ̀.

Àmúdà dọ̀bálẹ̀, kò sì dìde. "Bàbá, mo wá tọrọ àforíjì. N kò mọ ohun tí mo ṣe àmín sí."

"Mo mọ̀ pé o kò mọ̀. Ta ni kò mọ̀ ọ́? Bí wọ́n bá ń ṣàdúrà pé kí òjò pa ọ́, wàá ti ṣe àmín kó o tó wo òkè. Dìde."

Ó dìde. Ìtìjú mú un, síbẹ̀ ẹ̀rín fẹ́ já mọ́ ọn lẹ́nu.

"Àdéhùn tí Àlàájì bá mi ṣe lórí ọmọ mi, pé ìyà kò ní jẹ ẹ́ ní Ìlobù, kò yẹ̀ ẹ́," bàbá náà wí. "N kò ní kí o bá a jà. N kò ní gbàgbé bó ṣe dọ̀bálẹ̀ lójúde yìí. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ọ. Láti ìgbà tí mo ti dé láti Gáná, ìjà ilẹ̀ yìí kò tíì tán. A kì í jọ lọ sóko, àwa àti ẹ̀yin. Ọjà pàápàá, ìgbà mìíràn a kì í jọ ná an. Bọ́ọ̀lù nìkan ni kò dáwọ́ dúró. A ó jọ bú ara wa fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, mà á bú ìyá rẹfirí, o máa bú aṣọ́lé wa, fèrè á fọn, oníkálukú á gba ilé rẹ̀ lọ jẹun. Tí ẹ bá lọ sí Òṣogbo, ibo ni kí a máa gbé ìbínú yẹn lọ?"

Àmúdà ń gbọn erùpẹ̀ kúrò láyà aṣọ rẹ̀.

"Sátidé," bàbá náà wí, "níbo ni wàá jókòó sí?"

"N kò mọ̀, Bàbá."

"Ó dára. Wọlé lọ jẹun kó o tó máa lọ."

Ọjọ́ Sátidé pé. Béébìsì àti Orólù Sításì ló fẹ́ gbá, pápá àárín ìlú méjèèjì sì kún dé ibi tí àwọn kan gun igi. Ìlobù wà lápá kan, Ìfọ́n wà lápá kejì. Ọ̀gá tó ti ọ́fíìsì wá wọ kóòtù apá kúkúrú, fáìlì wà lórí itan rẹ̀, ó jókòó ti Àlàájì lábẹ́ tapólì. Àmúdà dúró láàrin pápá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àáfà Bùràímọ̀, ó dé fìlà pupa tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí, fìlà tó jẹ́ ti alága nìkan. Ọrùn rẹ̀ ń làágùn. Lókèèrè, lábẹ́ igi odán, ó rí àpótí kékeré náà àti ẹni tó jókòó lé e.

Àáfà fi Lárúbáwá bẹ̀rẹ̀, ó wá bọ́ sí Yorùbá. "Líìgì tuntun tí àwọn bàbá wa fẹ́ dá sílẹ̀, Ọlọ́run Ọba yóò fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀."

Ó dúró de àmín.

Gbogbo ojú wà lára Àmúdà. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án ló ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó pa eyín dé. Ẹnì kan ní apá Ìlobù bẹ̀rẹ̀, "À," kò rí ẹni bá a parí rẹ̀, ó sọ ọ́ di ikọ́.

Àáfà rò pé òun kò sọ ọ́ sókè tó. Ó tún un sọ, ó fa á gùn. Pápá dákẹ́ débi pé wọ́n gbọ́ tí ọ̀gá ọ́fíìsì ṣí fáìlì rẹ̀. Àmúdà rí i tí Àlàájì yí orí padà díẹ̀díẹ̀, tó wò ó. Kò bínú. Ó dà bí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ tí wọn kò ní kó dìde. Ó ń wu Àmúdà kó ṣe àmín náà nítorí ojú yẹn nìkan. Kò ṣe é.

Ẹ̀rù ba Àáfà Bùràímọ̀. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, kò sì fi àdúrà sílẹ̀ lófìfo rí. Ó wá nǹkan sọ, èyí tó sì bọ́ sí i lẹ́nu ni èyí tó máa ń sọ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ kí àárín ìlú méjèèjì tó bàjẹ́ tó yìí. "Ọlọ́run má jẹ́ kí eré òní dá ìjà sílẹ̀ láàrin Ìlobù àti Ìfọ́n."

"Àmín," Àmúdà ké.

Ìlobù gbà á. Ìfọ́n gbà á. Àwọn tó wà lórí igi gbà á. Ọ̀gá ọ́fíìsì gbé bírò, ó wò yíká, ó bi Àlàájì léèrè nǹkan kan, Àlàájì sì mi orí. Ohun tí ó kọ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tó rí i.

Kí wọ́n tó fọn fèrè, akọ̀wé ẹgbẹ́ wá bá Àmúdà. Kò wò ó lójú.

"Àlàájì ní kí n gba fìlà."

Àmúdà ṣí i. Ó gbọn ekuru ara rẹ̀ nù, ó ká a dáadáa, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún un. "Bá mi kí wọn. Sọ pé mo ní ẹ ṣeun."

Ó wo apá Ìlobù. Wọ́n ti dí àyè tó máa ń jókòó sí. Kò sí ẹni tó pè é, kò sí ẹni tó bú u, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kàn ń wo pápá níbi tí eré kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ìlà funfun lọ, oòrùn ń pa á lórí, ó rìn yí ká títí ó fi dé abẹ́ igi odán. Àwọn ará Ìfọ́n wò ó, wọ́n sún díẹ̀. Yàkúbù, tó ti wà lẹ́nu ilé góòlù, yí padà, ó tún ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ṣe.

"Oòrùn mú," Bàbá Jàlálù wí. "Wá síbi òjìji."

Àmúdà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà. Ó ń ronú bí òun yóò ṣe wọ Ìlobù nírọ̀lẹ́, ẹni tí yóò dúró fún òun bí ọ̀ràn bá tún dé, àti bóyá ẹnikẹ́ni yóò tún gbé rédíò wá. Kò rí ìdáhùn kankan. Fèrè fọn. Eré bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́ta tí Àlàájì ń sọ gba bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́, ó ré ẹni méjì kọjá, ó gbá a wọlé lábẹ́ apá Yàkúbù.

Àmúdà ti wà lórí ìdúró kó tó mọ̀. Ó ti fò sókè, ó ti na ọwọ́ méjèèjì, ó sì ti ké "Góòlù" pẹ̀lú gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún un, láàrin àwọn ará Ìfọ́n tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mira. Ó wò yíká. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè.

Bàbá Jàlálù fà á láṣọ.

"Jókòó, àna mi," ó wí. "A ti rí i."